Máńgòrò ń hu ewé ṣáá, kò tanná: èló ni kí n bù nínú paclobutrazol?

Ọmọ Àgbẹ̀: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà oko. Máńgòrò ọlọ́dún mẹ́jọ ni, orí rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 5. Ewé ló ń hu léraléra, kò yọ òdòdó. Paclobutrazol (oògùn tó ń dín híhu ewé kù) tó wà nílẹ̀ jẹ́ olómi, 25% ni wọ́n kọ sára ike rẹ̀. Ṣé ewé ni kí n fọ́n ọn sí ni àbí ìdí igi? Èló ni kí n bù? Àwọn tó tanná náà, èso wọn ń já bọ́ nígbà tí wọn ò tíì ju hóró ẹ̀wà lọ. Ṣé NAA (oògùn ìdàgbàsókè igi, naphthaleneacetic acid) lè dá a dúró?

Arókobọ́dún: Ìdí igi ni o. Gbòǹgbò ló ń fa paclobutrazol, tí omi ara igi á sì gbé e gòkè. Èyí tẹ́ ẹ bá fọ́n sí ewé kì í rìn jìnnà. Fífẹ̀ orí igi lẹ ó fi ṣírò rẹ̀: gíráàmù 1 ojúlówó oògùn (ìyẹn paclobutrazol gan-an tó wà nínú olómi náà) fún mítà kọ̀ọ̀kan. Igi tó bá lágídí lè gbà tó 1.5. Nínú olómi 25%, mílílítà 4 ló ní gíráàmù 1 nínú, torí náà mítà 5 yín gba mílílítà 20. Síríńjì ni kẹ́ ẹ fi fà á. Ọmọrí ike kì í ṣe òṣùwọ̀n.

Ẹ gbẹ́ kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ yí ìdí igi ká, kó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15. Ẹ po oògùn mọ́ omi lítà 5 sí 10, ẹ dà á yí ká, kẹ́ ẹ fi yẹ̀pẹ̀ bò ó. Ilẹ̀ gbọ́dọ̀ ti tutù tẹ́lẹ̀, kẹ́ ẹ sì tún máa bomi rin ín fún ọjọ́ mélòó kan. Ilẹ̀ gbígbẹ ló sábà máa ń jẹ́ káwọn kan pariwo pé ayédèrú ni wọ́n tà fáwọn.

Ìgbà tó dáa jù láti dà á ni lẹ́yìn ìkórè: ẹ rẹ́ ẹ̀ka, ẹ jẹ́ kó hu ewé tuntun, kí ewé yẹn sì máa kúrò ní pupa kẹ́ ẹ tó dà á.

Ìyá Eléso: Kí n fi kún un. Paclobutrazol fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń yọ òdòdó. Gibberellin tó ń lé ewé àti ẹ̀ka jáde ló ń dí lọ́wọ́, kí igi lè sinmi. Oṣù 3 sí 4 lẹ ó fi dúró, kẹ́ ẹ tó fọ́n potassium nitrate (ajílẹ̀ tó ń ta igi jí láti tanná) sí ewé rẹ̀: gíráàmù 20 sí lítà 1, ìyẹn gíráàmù 300 nínú táǹkì lítà 15. Ẹ fọ́n ọn títí omi á fi máa kán sílẹ̀ lára ewé.

Kẹ́ ẹ tó fọ́n ọn, ẹ já ewé kan ní ṣóńṣó ẹ̀ka, ẹ ṣẹ́ ẹ po. Tó bá dún tó sì kán, ó ti gbó. Tó bá ká bí aṣọ, ẹ fi í sílẹ̀. Lára ewé tó ṣì rọ̀, etí ewé á jó, ewé mìíràn lẹ ó sì tún rí.

Olóko Òǹbéèrè: Èmi ò ní fi 1.5 bẹ̀rẹ̀ o. Tó bá pọ̀ jù, òdòdó á kúrú, á ṣù mọ́ra, oògùn àrùn ò sì ní ráyè wọ àárín rẹ̀. Ó lè lò ju ọdún kan lọ nínú ilẹ̀, nítorí náà tí ẹ̀ka ọdún kejì bá ṣì kúrú, ẹ dín in kù sí ìdajì. Igi tó ń ṣàìsàn, ẹ má dà á sí i rárá.

Ní ti NAA, 20 ppm ni, ìyẹn mílígíráàmù 20 nínú lítà 1. Ìyẹ̀fun rẹ̀ kì í yòrò nínú omi lásán: ẹ fi ọtí ìpara díẹ̀ yo gíráàmù 1, kẹ́ ẹ wá fi omi sọ ọ́ di lítà 1. Mílílítà 300 nínú èyí ló lọ sí táǹkì lítà 15. Ẹ má sọ pé kẹ́ ẹ ṣe é ní ìlọ́po. NAA yìí kan náà làwọn olóko ápù fi ń gbọn èso tó pọ̀ jù dànù. Máńgòrò náà á ṣì gbọn púpọ̀ fúnra rẹ̀, ẹ má retí pé gbogbo rẹ̀ ló máa dúró.

Ọmọ Àgbẹ̀: Ẹ ṣé gan-an. Tó bá jẹ́ 10% ni mo rí ńkọ́?

Arókobọ́dún: Mílílítà 10 ló ní gíráàmù 1. Mítà 5 á gba 50.