Pitcher tó borí jù, òun náà ló tún pàdánù jù? Ẹ bá mi tú ọ̀rọ̀ baseball yìí

Àńjọlá77:
Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ kú ìjókòó o. Ọ̀rọ̀ kan ò jẹ́ kí n sùn lánàá. Mo ń dáhùn àwọn ìbéèrè baseball kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí wọ́n máa ń fún èèyàn ní ìdáhùn mẹ́rin pé kó mú ọ̀kan, mo ti gba mọ́kànlá léra wọn, orí mi ti ń wú, ni wọ́n bá béèrè pé pitcher (ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù sí ẹni tó mú igi) wo ló pàdánù géèmù jù nínú ìtàn Major League, líìgì baseball tó ga jù ní Amẹ́ríkà. Èmi rò ó pé ẹni tó bá pàdánù jù, ẹni tí ẹnikẹ́ni ò mọ orúkọ ẹ̀ ló máa jẹ́ o, mo bá mú orúkọ tí mi ò gbọ́ rí nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n ní mi ò gbà á. Wọ́n ní Cy Young ni!

Cy Young kẹ̀? Ṣebí orúkọ ẹ̀ ni wọ́n fi ń pe àmì ẹ̀yẹ tí wọ́n ń fún pitcher tó dáa jù lọ́dọọdún? Mo wá wo rẹ́kọ́ọ̀dù ẹ̀, mo rí i pé òun náà ló tún borí jù, géèmù 511. Ẹnì kan ṣoṣo ló di orí mú tó tún di ìrù mú. Ẹ jọ̀ọ́ báwo ló ṣe jẹ́? Tí irú ẹ̀ míì bá wà ẹ kó o wá, torí mò ń padà síbẹ̀ lọ gbẹ̀san.

Baba_Ìṣirò:
Àńjọlá, má da ara ẹ láàmú. Ìwọ ṣáà wò ó báyìí: kí èèyàn tó lè pàdánù géèmù 315 (àwọn míì kà á sí 316), ẹnì kan ní láti máa gbé bọ́ọ̀lù lé e lọ́wọ́ lọ́dọọdún láìsú wọn. Ẹni tí ò dáa, kó tó pàdánù ọgbọ̀n wọ́n á ti ní kó máa lọ sílé. Cy Young fi sísìn 22 ju bọ́ọ̀lù, láti 1890 dé 1911, géèmù 815 ló bẹ̀rẹ̀, ó sì fọwọ́ ara ẹ̀ parí 749 nínú ẹ̀. Ẹ tún ìyẹn kà. Láyé ìsinsìnyí pitcher tó bá fọwọ́ ara ẹ̀ parí méjì péré nínú ọdún kan, ariwo ẹ̀ ni wọ́n á máa pa. Láyé ìgbà yẹn kò sí pé ó ti rẹ̀ mí ẹ gbé ẹlòmíì wọlé, ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ló ń parí ẹ̀, nítorí náà bí tíìmù borí, bí tíìmù fìdí rẹmi, orí ẹni kan náà ló ń bọ́ sí.

Àmì ẹ̀yẹ tí o ń sọ yẹn, 1956 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ọdún kan lẹ́yìn tí bàbá náà kú.

Ẹni tó jọ ọ́ jù lójú tèmi kì í tiẹ̀ ṣe pitcher, mánéjà ni, Connie Mack. Géèmù 3,731 ló borí, 3,948 ló pàdánù, kò sí mánéjà míì tó bá a dé ọ̀kan nínú méjèèjì. Àádọ́ta ọdún ló fi wà nídìí Philadelphia Athletics, 1901 dé 1950. Ó gba World Series (ìdíje àṣekágbá ọdún) lẹ́ẹ̀marùn-ún o, àmọ́ láti 1915 dé 1921 ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n ń wà, ọdún méje gbáko! Ní 1916 géèmù 36 ni wọ́n borí, wọ́n pàdánù 117. Mo mọ̀ pé ẹ máa ní kí ló dé tí wọn ò lé e dànù. Ta ni yóò lé e? Òun náà wà lára àwọn tó ni tíìmù.

Gbàgbé_Oorun:
Ẹ̀gbọ́n ti sọ tán, àmọ́ ẹ ò gbọdọ̀ yọ Nolan Ryan sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Strikeout 5,714 (ìyẹn ni kó fi strike mẹ́ta lé ẹni tó mú igi padà; strike ni bọ́ọ̀lù tó gba ibi tó yẹ tàbí tí onítọ̀hún nà tó tàsé), kò sẹ́ni tó ní tó bẹ́ẹ̀. Walk 2,795, kò sẹ́ni tó fún àwọn alátakò ní tó bẹ́ẹ̀ náà. Fún ẹni tí ò mọ walk: tí pitcher bá ti ju ẹ̀ẹ̀mẹrin tí bọ́ọ̀lù ò gba ibi tó yẹ, tí ẹni tó mú igi ò sì nà án, ọ̀fẹ́ lonítọ̀hún á fi rìn lọ sí béèsì àkọ́kọ́. Ryan yìí ń ju bọ́ọ̀lù bí ẹni ń yìnbọn ni, ká sì sọ òótọ́, nígbà míì òun náà ò mọ ibi tí ìbọn yẹn ń lọ.

No-hitter (géèmù tí àwọn alátakò ò gbá hit kankan, ìyẹn kí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù kí wọ́n sì fi dé béèsì) méje ló ní, Sandy Koufax tó tẹ̀lé e ní mẹ́rin. Síbẹ̀síbẹ̀ sísìn 27, kò gba Cy Young yẹn lẹ́ẹ̀kan péré. Èyí tó máa ń dùn mí jù ni ti 1987. Ní National League (ọ̀kan nínú líìgì méjì tó wà nínú Major League) lọ́dún yẹn òun ló ní ERA tó kéré jù, 2.76, ìyẹn ni pé ká ní inning mẹ́sàn-án (ìpele mẹ́sàn-án tí wọ́n pín géèmù sí) ló ju, run (ayò tí wọ́n ń ní tí ẹnì kan bá yí béèsì ká délé) tí wọ́n ń rí gbà lọ́wọ́ ẹ̀ ò tó mẹ́ta. Òun náà ló ní strikeout tó pọ̀ jù, 270. Wàyí o, ẹ gbọ́ iye tó borí: mẹ́jọ. Ó pàdánù 16!! Ó ń ṣe tiẹ̀, àwọn tíìmù ẹ̀ ní Houston ò rí run gbá fún un, wọ́n á wá kọ "pàdánù" síwájú orúkọ ẹ̀. Látìgbà tí mo ti rí nọ́ńbà yẹn ni mi ò ti fi win àti loss wọn pitcher mọ́.

Ṣòkòtò_Pẹ́ńpẹ́:
Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ti sọ̀rọ̀, àwọn tó pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ lẹ ń kà. Ó pẹ́, ó rí dídùn ó rí kíkan, kí ló wá yani lẹ́nu níbẹ̀? Èyí tó ń ya èmi lẹ́nu ni kéèyàn ṣe ohun tẹ́nikẹ́ni ò ṣe rí kó sì fìdí rẹmi lálẹ́ ọjọ́ kan náà.

Harvey Haddix ti Pittsburgh Pirates, 26 oṣù karùn-ún 1959, Milwaukee ni wọ́n ti gbá a. Inning mẹ́sàn-án, èèyàn 27 wá, èèyàn 27 padà, ẹsẹ̀ ẹnì kankan nínú àwọn Milwaukee Braves tí wọ́n ń bá gbá ò kan béèsì. Ìyẹn nìkan ti tó kí wọ́n gbé e lé èjìká. Àmọ́ àwọn Pirates náà ò ní run kankan, bẹ́ẹ̀ wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù o, hit méjìlá ni wọ́n gbá lọ́wọ́ Lew Burdette, pitcher àwọn Braves, lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kò sí ìkankan tó délé. Ni wọ́n bá ń bá a lọ. Inning kẹwàá, mẹ́ta wá mẹ́ta lọ. Ìkọkànlá, bẹ́ẹ̀ náà. Ìkejìlá, bẹ́ẹ̀ náà. Èèyàn 36 léra wọn nínú géèmù kan! Kò sẹ́ni tó ṣe é ṣáájú ẹ̀, títí di bí mo ṣe ń tẹ èyí kò tíì sẹ́ni tó ṣe é lẹ́yìn ẹ̀.

Ìkẹtàlá ni gbogbo ẹ̀ dàrú. Don Hoak, ọmọ tíìmù tiẹ̀ gan-an, mú bọ́ọ̀lù ó jù ú ṣì, Félix Mantilla bá dé béèsì àkọ́kọ́. Eddie Mathews fi ara ẹ̀ ṣe ètùtù kí Mantilla lè sún dé ìkejì. Hank Aaron ló kàn, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fún un ní walk, ta ló fẹ́ bá Aaron fa wàhálà. Joe Adcock wá dé, ó gbá a, bọ́ọ̀lù fo ògiri. Ó parí. Hit ẹyọ kan ni wọ́n gbá lọ́wọ́ Haddix látìbẹ̀rẹ̀ dópin, òun ló pàdánù.

Akọ̀wé9:
Ẹ dúró ná. Mantilla wà lórí béèsì, Aaron wà lórí béèsì, Adcock ṣe ìkẹta. 3-0 nìyẹn. Kí ló dé tí mo máa ń rí 1-0? Mo ti ń rò pé àṣìkọ ni.

Ṣòkòtò_Pẹ́ńpẹ́:
1-0 ni o, kì í ṣe àṣìkọ. Ibẹ̀ ló ti wá di ẹ̀fẹ̀. Aaron rò pé bọ́ọ̀lù ò kọjá ògiri, ó ti rí i pé Mantilla á wọlé géèmù á parí, ló bá yà kúrò lójú ọ̀nà, ó ń lọ síbi ìjókòó tiẹ̀ jẹ́jẹ́. Adcock tó ń sáré bọ̀ lẹ́yìn kọjá ibi tí Aaron dé, òfin ò sì gbà kí ẹni ẹ̀yìn yọ sílẹ̀ níwájú ẹni tó ṣáájú ẹ̀. Home run yẹn (bọ́ọ̀lù tó fo ògiri) bá di double (hit tó gbé e dé béèsì kejì péré), run kan ṣoṣo ló kù. Ẹ ò rí i pé alẹ́ yẹn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe é pé, ẹni tó gbá home run ò ní home run lórí ìwé, ẹni tó ju perfect inning méjìlá ò ní perfect game lórí ìwé.

Torí wọ́n yọ ọ́ o! Ní 1991 àwọn tó ń mójú tó rẹ́kọ́ọ̀dù tún ìtumọ̀ no-hitter ṣe, wọ́n ní inning ẹ̀ gbọ́dọ̀ pé mẹ́sàn-án ó kéré tán kí géèmù sì parí láìsí hit. Haddix bá jáde.

Baba_Ìṣirò:
Èmi fọwọ́ sí i pé kí wọ́n yọ ọ́. Perfect game ni pé kò sẹ́ni tó dé béèsì títí géèmù fi tán. Ẹnì kan dé béèsì ná? Ó dé béèsì. Tí a bá dá a padà torí àánú, àwọn míì á ní kí wọ́n dá tàwọn náà padà. Pẹ̀lú ti Domingo Germán ní 2023, 24 péré ló wà nínú gbogbo ìtàn Major League, kí wọ́n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Gbàgbé_Oorun:
Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, àyà yín le o 😂 ẹni tó lé èèyàn 36 padà?

Tíntín_Lójú:
Ẹ jẹ́ kí n yí i padà fún yín díẹ̀. Ẹ ní ẹni tó bá pẹ́ ló ń ní méjèèjì àbí, ẹni tí ò wá pẹ́ rárá ńkọ́? Ẹ lọ wo John Paciorek. 29 oṣù kẹsàn-án 1963, ọjọ́ tí sísìn parí, ọmọ ọdún 18 ni, Houston Colt .45s gbé e wọlé. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló mú igi: hit mẹ́ta, walk méjì, ó gba run mẹ́rin wọlé fúnra ẹ̀, ó tún mú mẹ́ta délé. Kò sí èyí tí wọ́n fi mú un ní out, ìyẹn ni kí wọ́n lé e jáde. Ẹ̀yìn wá ń dùn ún, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, kò padà sí Major League mọ́ láyé. Géèmù kan ṣoṣo, average (hit tó gbá nínú iye ìgbà tó mú igi, wọn kì í ka walk mọ́ ọn) 1.000 títí ayé. Bẹ́ẹ̀ Ted Williams tí gbogbo wa ń pariwo .406 ẹ̀ ní 1941, kò sẹ́ni tó mọ bí .400 ṣe ń rí lẹ́yìn ẹ̀ nínú American àti National League.

Ó ku ọ̀kan tí mo fẹ́ràn ju gbogbo ẹ̀ lọ. Stan Musial, hit 3,630, St. Louis Cardinals nìkan ló gbá a fún. Nílé: 1,815. Lóde: 1,815. Mo ti fi kalikulétọ̀ rò ó bí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta bí ẹni pé ó máa yí padà.

Àńjọlá77:
Áà, ẹ ṣé gan-an ni o. Mo ti padà síbẹ̀! Ti Ryan yọjú lóòótọ́, mo gbà á. Àmọ́ wọ́n tún ti mú mi níbòmíì. Wọ́n ní ta ló gbá fún tíìmù méjèèjì nínú géèmù kan náà. Mo rò pé ẹ̀tàn ni, mo mú "kò sí". Ẹ̀tàn kọ́?

Gbàgbé_Oorun:
Kì í ṣe ẹ̀tàn, Danny Jansen ni, kò tiẹ̀ tíì pẹ́. 26 oṣù kẹfà 2024, Toronto Blue Jays lọ bá Red Sox ní Fenway Park ní Boston, Jansen mú igi fún Toronto lọ́wọ́, wọ́n ti ju bọ́ọ̀lù ẹyọ kan sí i, òjò dé. Wọ́n dá géèmù dúró pé àwọn á parí ẹ̀ lọ́jọ́ míì. Oṣù keje, Toronto ta Jansen, ta ni wọ́n tà á fún? Boston! Nígbà tó fi di 26 oṣù kẹjọ tí wọ́n ń parí ẹ̀, òun ló wà lẹ́yìn igi tó ń mú bọ́ọ̀lù fún Boston, wọ́n sì gbé Daulton Varsho wá láti parí ìdúró tí Jansen fúnra ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lóṣù méjì sẹ́yìn. Varsho gba strikeout. Jansen ló wà níbẹ̀ tó ń wò ó.

Baba_Ìṣirò:
Ẹ̀gbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ni ti Joel Youngblood, 4 oṣù kẹjọ 1982. Ọ̀sán ó gbá hit fún New York Mets ní Chicago, wọ́n tà á fún Montreal Expos ní ọjọ́ yẹn náà, ó wọ bàálù, alẹ́ ó gbá hit fún Expos ní Philadelphia. Ọwọ́ Ferguson Jenkins ló ti gbá ti ọ̀sán, ọwọ́ Steve Carlton ló ti gbá ti alẹ́, àwọn pitcher méjèèjì yìí sì wọ Hall of Fame (ilé ọlá àwọn akọni baseball) nígbẹ̀yìn.

Akọ̀wé9:
Ìbéèrè kan péré nípa ti Jansen, mo mọ̀ pé mo fẹ́ràn àríyànjiyàn: strikeout yẹn, orúkọ ta ni wọ́n kọ ọ́ sí? Ṣebí ìdúró Jansen ni. Àbí ó ṣeé ṣe kí catcher (ẹni tó ń mú bọ́ọ̀lù lẹ́yìn igi) mú ara ẹ̀ ní strikeout?

Baba_Ìṣirò:
Ìbéèrè gidi nìyẹn. Strike méjì ni òfin ń wò. Tí wọ́n bá ti ní strike méjì kí wọ́n tó pààrọ̀ ẹ̀, tí ẹni tó rọ́pò wá gba strikeout, orí ẹni àkọ́kọ́ ló máa bọ́ sí. Jansen ní ẹyọ kan péré nígbà tí òjò dé, torí náà Varsho ló ni ín. Ká ní òjò yẹn fara dà á fún strike kan sí i ni, Jansen ì bá jẹ́ ẹni tó fọwọ́ ara ẹ̀ mú bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi strikeout tiẹ̀ jáde.