Ẹranko igbó wo ló ti wọ oko yín rí? Ẹ sọ tiyín

Ọmọ Èjìrìn: Ẹ̀yin ará Ẹ̀pẹ́, Ìkòròdú àti Àgbádárìgì tí ẹ dàgbà sóko bàbá yín, ẹ sọ tiyín. Tiwa, awọ́nríwọ́n ni. Ẹyin adìẹ ló máa ń bá wá.

Àbẹ̀kẹ́ Ìmọ́tà: Àwòdì. Òròmọdìẹ mẹ́rin láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo.

Ìyá Ìbejì: Tèmi ò tóbi o. Ìjàlọ ni. Ìgbà òjò, lóko bàbá mi lọ́nà Èjìrìn. A ní àgbébọ̀ pupa kan tó ti sàba fún ọjọ́ 18, ó ku mẹ́ta péré kó pamọ. Ẹtà ti gbé adìẹ méjì lọ́sẹ̀ yẹn, bàbá mi wá ní kí n fi wáyà so ilẹ̀kùn ilé adìẹ pinpin. Èmi ni mo so ó. Lóru, adìẹ ń ké, a rò pé ẹtà ni, bàbá mi mú àdá àti tọ́ọ̀ṣì. Àfi bíi pé ilẹ̀ ń rìn! Wọ́n bo ògiri, wọ́n ń gun ẹsẹ̀ wa. Ká tó tú wáyà yẹn, adìẹ mẹ́jọ ti kú. Àwọn tó kù fò jáde. Àgbébọ̀ yẹn kò kúrò lórí ẹyin. Ibẹ̀ ló kú sí, apá rẹ̀ ṣì bò wọ́n.

Kàfíńtà Àgbọ́wá: Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá wa. Abiyamọ ni adìẹ yẹn.

Ọmọ Èjìrìn: Mẹ́jọ? Kíákíá bẹ́ẹ̀?

Ìyá Ìbejì: Imú àti ẹnu ni wọ́n ń gbà wọlé, àbúrò.

Ọmọ Ègùn: Ẹ ò bá má ti so ilẹ̀kùn yẹn pa. Adìẹ tó bá ráyè sá, ìjàlọ ò lè pa á.

Ìyá Ìbejì: Kí ẹtà wá kó gbogbo wọn lọ?

Àbẹ̀kẹ́ Ìmọ́tà: Ọ̀rọ̀ wáyà yìí dùn mí. Tiwa, ewúrẹ́ tí a so mọ́gi ni. Mi ò lè sọ ọ́ tán.

Kàfíńtà Àgbọ́wá: Ẹ má kọ́ ilé adìẹ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ gbé e sórí ẹsẹ̀ mẹ́rin, kẹ́ ẹ ki ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan bọ agolo tí ọ́ìlì àlòkù wà nínú rẹ̀. Ẹ wá ti ilẹ̀kùn pa.

Ọmọ Èjìrìn: Eérú làwa máa ń da yí i ká.

Kàfíńtà Àgbọ́wá: Tí òjò bá wá pa eérú ńkọ́? Ìgbà òjò gan-an ni wọ́n ń rìn.

Ọmọ Ègùn: Ìjàlọ náà ní oore tirẹ̀ o. Tí wọ́n bá gba inú ilé kọjá, wọn kì í ṣẹ́ aáyán tàbí àkekèé kù. Ìyá àgbà a kó wa lọ sábẹ́ àgbọn títí wọn ó fi lọ. Ejò pàápàá ń sá fún wọn. Òjòlá la kì í pa nílé ìyá mi.

Ọmọ Èjìrìn: Ọbẹ̀ ni lọ́dọ̀ tiwa.

Ọmọ Ègùn: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wí bẹ́ẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́ Ìmọ́tà: Ẹ fi òjòlá sílẹ̀. Ìyá Ìbejì, ẹyin yẹn ńkọ́?

Ìyá Ìbejì: 11 ni. Lóru náà ni ìyá mi kó wọn sábẹ́ pẹ́pẹ́yẹ kan tó ń sàba lẹ́yìn ilé ìdáná. Méjì pa.

Kàfíńtà Àgbọ́wá: Pẹ́pẹ́yẹ tó ń sàba ọjọ́ 35! Ó gbà wọ́n?

Ìyá Ìbejì: Ó gbà wọ́n. Tó bá wọ odò, wọ́n á dúró létí omi, wọ́n á máa ké. Á sì jáde padà wá bá wọn.