Wọ́n ní kí n rẹ ara mi sílẹ̀ nítorí ìṣọ̀kan ìjọ

Ohùn Àkọ́kọ́ béèrè:

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, mo kí yín. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ìmọ̀ràn tí ẹ ń gba àwọn ẹlòmíràn níbí, n kò sì rò pé èmi náà yóò wá kọ tèmi. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí dé egungun.

Èmi ni mo ń darí ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa láti ìgbà tí a kò ju èèyàn díẹ̀ lọ, tí a kò ní aṣọ akọrin, tí kò sì sí ẹni tí yóò tẹ dùùrù fún wa. Èmi ni mo kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn ní sófà, ìyẹn kíka orin pẹ̀lú dò, rè, mì. Ọmọbìnrin tí wọ́n fi sí ipò mi báyìí, èmi ni mo kọ́ ọ bí a ti í mí kí a tó gbé orin, nígbà tí ohùn rẹ̀ kò tí ì jáde dáadáa. N kò sọ èyí láti yangàn. Mo ń sọ ọ́ kí ẹ lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀ wá.

Ní ọjọ́ ìsinmi kan, lẹ́yìn ìkéde nípa àwọn aláìsàn àti nípa gbígbá àyíká ìjọ, akọ̀wé ìjọ kà á sí etígbọ̀ọ́ gbogbo ènìyàn pé arábìnrin náà ni yóò máa darí ẹgbẹ́ akọrin. Ó wá dárúkọ mi mọ́ “àwọn tí wọ́n ti ràn wá lọ́wọ́ sẹ́yìn.” Sẹ́yìn! Mo ṣì jókòó níbẹ̀ nínú aṣọ akọrin mi. Láti ìgbà náà ni ó ti ń yí ohun gbogbo padà: ó gbé ìdánrawò kúrò ní ìrọ̀lẹ́ sí ẹ̀yìn ìsìn, ó yọ orin tí a fi ń wọlé láti ọjọ́ pípẹ́, ó sì kó àwọn ohùn kejì lọ sí ọwọ́ òsì, níbi tí wọn kò ti lè gbọ́ dùùrù dáadáa. Èyí tí ó dùn mí jù ni pé, nígbà tí a ń dán orin kan wò, ó na pẹ́ńsù sí ìwé tí ó wà lọ́wọ́ mi, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ‘fà’ ni ó wà níbẹ̀, kì í ṣe ‘sò’.” Gbogbo ẹgbẹ́ gbọ́. Mo pa ìwé náà dé, mo jókòó, n kò sì kọrin mọ́ lọ́jọ́ náà.

Àlùfáà wa tún wá wàásù láti inú Fílípì orí kejì, nípa ọkàn tí ó wà nínú Kristi Jésù, ẹni tí ó bọ́ ògo rẹ̀ sílẹ̀ tí ó sì mú àwọ̀ ìránṣẹ́. Ó ní ẹni tí kò bá lè rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ ni ó ń fa ìjọ ya. Kò dárúkọ mi, ṣùgbọ́n ta ni kò mọ ẹni tí ó ń bá wí? Bí ìsìn ti parí ni àwọn méjì nínú ìgbìmọ̀ ìjọ wá bá mi pé kí n fi ìrẹ̀lẹ̀ gba ohun tó ṣẹlẹ̀, nítorí ìṣọ̀kan. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé èmi nìkan ni wọ́n kọ ìrẹ̀lẹ̀ fún nínú Bíbélì ni? Ṣé kí n fi ìjọ náà sílẹ̀, àbí kí n máa jókòó láàárín èrò bí ẹni tí kò mọ orin kọ?

Olùkọ́ Ọjọ́ Ìsinmi:

Ẹ kú ìrọ́jú, arábìnrin wa. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ nǹkan kan nípa lẹ́tà tí àlùfáà yín ti wàásù. Inú ẹ̀wọ̀n ni Pọ́ọ̀lù ti kọ ọ́, gbogbo ìjọ Fílípì ni ó sì kọ ọ́ sí, pẹ̀lú àwọn bíṣọ́ọ̀bù àti àwọn díákónì wọn. Nígbà tí ó ní kí olúkúlùkù ka ẹnì kejì sí ẹni tí ó sàn ju òun lọ, ẹni tí wọ́n yàn sípò wà nínú rẹ̀, ẹni tí ipò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ wà nínú rẹ̀, ìgbìmọ̀ náà kò sì yọ sílẹ̀. Ní orí kẹrin, ó dárúkọ obìnrin méjì, Yúódíà àti Síńtíkè, tí wọ́n ti bá a ṣe làálàá nínú ìyìn rere ṣùgbọ́n tí inú wọn kò ṣọ̀kan mọ́. Kò sọ ohun tí ó fa aáwọ̀ wọn, kò sì dá ẹnikẹ́ni láre. Ó ní òun bẹ Yúódíà, ó tún ní òun bẹ Síńtíkè, ó pín ẹ̀bẹ̀ náà fún wọn lọ́gbọọgba, lẹ́yìn náà ni ó wá bẹ ẹnì kẹta pé kí ó ran àwọn obìnrin náà lọ́wọ́.

Ta ni ẹnì kẹta láàárín ẹ̀yin méjèèjì? Ẹ kò sì tí ì sọ ìdí tí ìgbìmọ̀ fi yan ẹlòmíràn. Kí ni wọ́n bá yín sọ kí ìkéde yẹn tó wáyé?

Ìyá Ìbejì:

Hẹ̀n-ẹ́n, ọ̀rọ̀ yìí rán mi létí ohun tí ojú mi rí nínú ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ wa. Èmi ni akápò nígbà náà. Alága ṣàdédé ní kí n kó ìwé owó wá kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ti kọ́kọ́ bá mi sọ ọ́. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, owó pé, kò sí ìkankan tí ó sọnù, síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó sọ pé “ẹ má bínú.” Èmi àti alága náà jọ ń jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, ṣùgbọ́n títí di òní a kì í bá ara wa sọ ju “ẹ káàárọ̀” lọ. Mo mọ bí ó ti rí lára yín. Ẹ gbààwẹ̀, ẹ gbàdúrà, kí ẹ sì fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́.

Ọmọ Alàgbà:

Ẹ má bínú, ẹnì kan gbọ́dọ̀ sọ òótọ́. “Èmi ni mo, èmi ni mo” ni mo kà látòkè délẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yín. Nínú lẹ́tà Jòhánù kẹta, ẹ ó rí ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Díótíréfè, tí ó fẹ́ràn láti jẹ́ ẹni iwájú. Bí ọmọ tí ẹ kọ́ bá ti mọ̀ ọ́n ṣe, ó yẹ kí inú yín dùn ni. Bí ó bá sì jẹ́ pé ‘fà’ ni ó wà nínú ìwé, kí ni kí ó sọ?

Kò Sí Ojúsàájú:

Ọmọ Alàgbà, ẹ rọra. Díótíréfè tí ẹ dárúkọ kọ̀ láti gba àwọn ará, ó sì ń lé àwọn tí ó fẹ́ gbà wọ́n jáde kúrò nínú ìjọ. Ta ni arábìnrin yìí lé? Irú ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n fi ń dí ẹnu ẹni tí a bá ṣẹ̀. Ẹ ṣí Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí kẹfà. Àwọn Júù tí ń sọ èdè Gíríìkì kùn pé wọ́n ń gbójú fo àwọn opó àwọn nínú ìpín ojoojúmọ́. Àwọn àpọ́sítélì kò ní kí wọ́n rẹ ara wọn sílẹ̀ nítorí ìṣọ̀kan. Wọ́n pe gbogbo ìjọ jọ, wọ́n ní kí ìjọ fúnra rẹ̀ yan ọkùnrin méje, orúkọ Gíríìkì sì ni gbogbo àwọn méje náà ń jẹ́, láti orí Sítéfánù títí dé orí Níkólásì ará Áńtíókù. Wọ́n gbọ́ ìráhùn, wọ́n sì ṣe nǹkan sí i ní gbangba. Nínú ọ̀rọ̀ tiwa yìí ńkọ́, ṣé ẹnikẹ́ni bi obìnrin yìí léèrè ohunkóhun?

Ọmọ Alàgbà:

Oúnjẹ ni àwọn opó yẹn ń wá. Ipò ni a ń sọ níbí. Ẹ má da méjèèjì pọ̀.

Kò Sí Ojúsàájú:

Kò sí ẹni tí ó da nǹkan pọ̀. Ẹni tí ó bá ti sin ìjọ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí wọ́n lọ bá a nílé kí wọ́n tó kà á sí gbangba. Ìwà ọmọlúàbí lásán ni ìyẹn, kí a tó dé orí ti Kristẹni rárá.

Ohùn Àkọ́kọ́:

Kò Sí Ojúsàájú, Ọlọ́run yóò bù kún yín, ẹ ti gbẹnu mi sọ ọ́. Ọmọ Alàgbà, n kò wá ipò rí láyé mi. Wọ́n bẹ̀ mí ni kí n tó gbà á. Ní ti ọmọ náà, n kò kórìíra rẹ̀. Ìgbìmọ̀ ni mo ń bínú sí, nítorí pé lẹ́yìn tí mo kọ lẹ́tà náà, kò sí ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn tí ó wá jókòó tì mí kí ó bi mí pé kí ló dé.

Olùkọ́ Ọjọ́ Ìsinmi:

Lẹ́tà wo?

Ìyá Ìbejì:

Àdúrà ni o. Ẹ fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́.

Olùkọ́ Ọjọ́ Ìsinmi:

Arábìnrin, ẹ jọ̀wọ́, lẹ́tà wo ni ẹ kọ?

Ohùn Àkọ́kọ́:

Ìgbìmọ̀ ní kí n mú ẹnì kan mọ́ra tí yóò máa kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, nítorí pé ẹ̀mí kò ní ọjọ́. Ẹ wo irú ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ sí mi! Mo kọ lẹ́tà pé bí ó bá jẹ́ pé wọ́n ti rí ẹlòmíràn, kí wọ́n gbà mí láyè kí n sinmi. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ọgbọ́n yóò mọ̀ pé inú ń bí mi nígbà tí mo kọ ọ́. Ó yẹ kí wọ́n wá bẹ̀ mí. Dípò bẹ́ẹ̀, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n ní àwọn gbà, wọ́n sì ní àwọn fẹ́ ṣe ìsìn ìdúpẹ́ fún mi. Mo ní n kò fẹ́ ìsìn kankan.

Ọmọ Alàgbà:

Ṣé ẹ rí i? Ẹ̀yin ni ẹ fi ipò sílẹ̀. Kò sí ẹni tí ó gbà á lọ́wọ́ yín.

Kò Sí Ojúsàájú:

Ká sòótọ́, èyí yí ohun tí mo ti ń sọ bọ̀ padà. Wọn kò lè mọ ohun tí kò sí nínú lẹ́tà. Síbẹ̀, n kò yí ọ̀rọ̀ mi padà lórí ìkéde yẹn: ẹni tí ó fi ìbínú kọ lẹ́tà ṣì jẹ́ ẹni tí ó yẹ kí wọ́n bẹ̀ wò. Ìgbìmọ̀ kò sì gbọ́dọ̀ fi orí pẹpẹ parí ohun tí àwọn àti ẹnì kan lè jókòó sọ.

Ọmọ Alàgbà:

Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe ìdúpẹ́ ńkọ́? Kí ni kí wọ́n tún ṣe?

Tẹ́nọ̀ Àtijọ́:

Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan tí akọrin nìkan ni yóò ronú kàn. Irú nǹkan yìí ti ṣẹlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ tí mo ti ń kọrin rí, ìjà tòótọ́ sì wà lórí ìwé, kì í ṣe lórí ipò. Níbo ni àwọn ìwé sófà ẹgbẹ́ wà báyìí?

Ohùn Àkọ́kọ́:

Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n wà, pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ àpótí. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi dà wọ́n kọ, lórí ìwé tí mo fi owó ara mi rà, ní òru tí àwọn ẹlòmíràn ń sùn. Kò sí ẹni tí ó béèrè wọn lọ́wọ́ mi dáadáa. Ọmọ náà ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan pé wọ́n fẹ́ múra sílẹ̀ fún ọdún Àjíǹde, n kò sì fèsì.

Tẹ́nọ̀ Àtijọ́:

Ó dára tí ẹ sọ ọ́. Nítorí èyí ni ó fi ń yí orin padà, arábìnrin. Kò ní ìwé èyí tí ẹ̀yin ń kọ lọ́wọ́. Ó ṣeé ṣe kí orin ìwọlé tí ó yọ jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Ohùn Àkọ́kọ́:

Kò ronú kan ìyẹn nígbà tí ó ń na pẹ́ńsù sí mi.

Olùkọ́ Ọjọ́ Ìsinmi:

Ẹ jẹ́ kí n sọ èrò mi tán, kí n sì dákẹ́. Ní Mátíù orí kejìdínlógún, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ni Jésù rán pé kí ó lọ bá arákùnrin rẹ̀, láàárín àwọn méjèèjì nìkan. Ní orí karùn-ún, ẹni tí ó rántí pé arákùnrin òun ní ohun kan sí òun ni ó ní kí ó fi ẹ̀bùn sílẹ̀ níwájú pẹpẹ kí ó lọ. Ẹ yan èyí tí ó bá bá yín lára mu nínú méjèèjì, ẹ̀yin ni yóò ṣì dìde. Ọ̀dọ̀ ọmọ náà sì ni ẹ ó kọ́kọ́ lọ, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀, nítorí ìwé rẹ̀ ni ó wà lọ́wọ́ yín.

Ní ti ìsìn ìdúpẹ́ tí ẹ kọ̀, ẹ ka Jòhánù orí kẹtàlá lẹ́ẹ̀kan sí i. A máa ń wo Jésù níbẹ̀, bí ó ti di aṣọ ìnura mọ́ ara, tí ó sì wẹ ẹsẹ̀ gbogbo wọn, Júdásì pàápàá kò tí ì jáde nígbà náà. A kì í sábà wo Pétérù, tí ó ní Olúwa kì yóò wẹ ẹsẹ̀ òun láé. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ jọ ìrẹ̀lẹ̀, ṣùgbọ́n Jésù sọ fún un pé bí òun kò bá wẹ̀ ẹ́, kò ní ìpín pẹ̀lú òun. Ẹni tí ó ti sin àwọn èèyàn pẹ́ lè ṣòro láti sìn. Bí ìgbìmọ̀ bá tún mẹ́nu kan ìdúpẹ́ náà, ẹ gbà.

Ìyá Ìbejì:

Olùkọ́, ọ̀rọ̀ yín kàn mí. Ṣùgbọ́n tèmi, alága ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ wá.

Ohùn Àkọ́kọ́:

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún dá lẹ́tà yẹn sílẹ̀ mọ́, mo ti kọ ọ́, ó ti tán. Ní ti ìwé, n ó dá a padà. N ó fi rán ọmọ ilé mi kí ó gbé e lọ fún akọ̀wé ìjọ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ náà, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo jí nǹkan ìjọ.

Ọmọ Alàgbà:

Ẹ wò ó, bí ẹ bá fi rán ọmọ, ẹ kò tí ì ṣe nǹkan kan.

Tẹ́nọ̀ Àtijọ́:

Lórí èyí, èmi àti Ọmọ Alàgbà jọ sọ̀rọ̀ kan náà. Ẹ gbé e lọ fúnra yín, kí àwọn tó kù nínú ẹgbẹ́ tó dé. Ẹni tí ó fi ìwé sílẹ̀ fún wa nígbà yẹn kàn kó wọn sórí tábìlì ni, ó sì lọ. Gbogbo etí ìwé ni ó kún fún àmì tí ó fi pẹ́ńsù ṣe, ibi tí ohùn ìsàlẹ̀ ti ń dúró, ibi tí a ti ń fa ọ̀rọ̀ gùn, ibi tí a kì í mí. A kò rí ẹni kà á fún wa. Ẹ jókòó ti ọmọ náà, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí orin Àjíǹde, kí ẹ sì ka àwọn àmì yín fún un lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ohùn Àkọ́kọ́:

Ó pọ̀ o, àwọn àmì náà. Kò lè tán lọ́jọ́ kan.