Orúkọ wo ló yẹ prójẹ́kítọ̀ tó ti kọjá ti fíìmù?

Ẹ kú ìjíròrò o, ẹ̀yin ará.

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé kí la ó máa pe prójẹ́kítọ̀ ayé kọ̀ǹpútà, nígbà tí àwọn ilé sinimá àti gbọ̀ngàn ńlá ti ń fi í ṣe oríṣiríṣi nǹkan tí kì í ṣe fíìmù. Àbá mẹ́ta ló ti wọlé: agbéfíìmùjáde, ajùwòrán àti atàwòrán. N kò fara mọ́ ìkankan nínú wọn.

Agbéfíìmùjáde ló rọrùn jù láti dá lóhùn. Fíìmù fúnra rẹ̀ ti kúrò nínú ẹ̀rọ náà. Láyé fíìmù onímìlímítà 35, àwòrán 24 ló ń kọjá níwájú iná ní ìṣẹ́jú àáyá kan, eré oníwákàtí méjì á sì gùn ju kìlómítà 3 lọ bí wọ́n bá tú u sílẹ̀. Lónìí, inú háàdì-dísíkì tó ṣeé tì bọ àpò ni odindi eré wà, tàbí kó gba orí sátẹ́láìtì wọlé. Ìlànà DCI fún sinimá ayé kọ̀ǹpútà, tí àwọn ilé-iṣẹ́ fíìmù ńlá Amẹ́ríkà gbé jáde lọ́dún 2005, ló la ọ̀nà fún un. Bí wọ́n bá wá fi ẹ̀rọ yìí wo bọ́ọ̀lù, tàbí tí àwọn ọ̀dọ́ fi gbá géèmù lójú aṣọ sinimá tó ga tó ilé alájà méjì, fíìmù dà níbẹ̀?

Ẹni tó mú ajùwòrán wá sọ pé ohun tí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ń sọ ni: wọ́n máa ń béèrè ibi tí ẹ̀rọ lè ju àwòrán jìnnà dé. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń béèrè. Lọ́dọ̀ tiwa, ohun tí a bá jù ti kúrò lọ́wọ́ wa nìyẹn. Òkò là ń jù, pàǹtírí là ń jù nù. Àwòrán ara ògiri ò kúrò níbì kan. Ẹ pa iná, kò sí mọ́.

Atàwòrán ló sún mọ́ ọ jù, torí ìmọ́lẹ̀ ni ẹni tó dá a gbé e kà. Àmọ́ ẹ pè é sókè kí ẹ gbọ́. "Tan àwòrán" di tàwòrán, "ta àwòrán" náà di tàwòrán. Ẹni tó ń ta fọ́tò ni etí máa gbọ́. Ẹlòmíràn ní òun ò fẹ́ "tàn" rárá nítorí ẹ̀tàn. Ìyẹn ò dà mí láàmú: bí a bá ń sọ ti ẹ̀tàn, "jẹ" máa ń tẹ̀ lé e ni, a tan ènìyàn jẹ. Bó bá sì ṣe pé ẹ̀tàn ló wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣé sinimá ò ń tan ojú jẹ ni? Àwòrán tí kò mira rárá là ń tò tẹ̀ léra wọn tí a ń pè ní ìrìn.

Ẹ jẹ́ ká wo inú ẹ̀rọ. Nínú irú èyí tí wọ́n ń pè ní DLP, tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti ọwọ́ Larry Hornbeck wá ní ilé-iṣẹ́ Texas Instruments ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1987, dígí wínníwínní ló kún ojú ṣíìpù, pátákó kékeré tó jẹ́ ọkàn ẹ̀rọ náà. Irú ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní 2K ní dígí 2048 níbùú, 1080 lóròó, ìyẹn ju mílíọ̀nù 2 lọ lórí ṣíìpù kan ṣoṣo. Dígí kọ̀ọ̀kan á tẹ̀ sí ìhín kí ìmọ́lẹ̀ lè gba lẹ́ńsì jáde, á tẹ̀ sí ọ̀hún kí ìmọ́lẹ̀ yẹn má lè jáde. Gbogbo iṣẹ́ ẹ̀rọ náà nìyẹn: ó tan iná, ó mú àwòrán wá. Ohun tí wọ́n bá fún un, ìbáà ṣe eré, ìbáà ṣe ìwé, ìbáà ṣe iṣẹ́ abẹ tí kámẹ́rà ń wò kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn lè rí i, ìyẹn ò kàn án.

Nítorí náà, ẹ̀rọ atannámáwòrán ni mo dábàá. Amóhùnmáwòrán ti wà lẹ́nu wa tipẹ́. Sílébù mẹ́fà ló ní, mẹ́fà náà ni tèmi. Lójoojúmọ́, prójẹ́kítọ̀ ni a ó ṣì máa pè é, èmi náà pẹ̀lú. Inú ìwé ẹ̀kọ́ àti ìwé ìlò ẹ̀rọ ni mò ń wá orúkọ fún.

Ẹ fi àwọn ìlò tuntun dán an wò. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá ọdún 2006 ni Metropolitan Opera ti New York bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ́pẹ́rà, ìyẹn eré tí wọ́n ń fi orin ṣe, ránṣẹ́ sí ilé sinimá bó ṣe ń lọ lọ́wọ́ gan-an. National Theatre ti Lọ́ńdọ̀nù tẹ̀ lé e lọ́dún 2009. Àwọn kan ti ń pe èyí ní "ìran láàyè". Ẹ jọ̀ọ́, ta ló kú tẹ́lẹ̀? Ìran ojú-ẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ pè é.

Èyí tó wù mí jù ni ti ìtumọ̀. Láti ọdún 1983 ni Canadian Opera Company ti Toronto ti ń tan ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ orin sókè ìtàgé kí òǹwòran lè mọ ohun tí wọ́n ń kọ. Gbọ̀ngàn tó bá ní atannámáwòrán lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́: kí olùbánisọ̀rọ̀ máa sọ èdè tirẹ̀, kí Yorùbá máa jáde lókè orí rẹ̀. Mo pe ìyẹn ní ìtumọ̀ orí-ìtàgé.

Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń fi ìmọ́lẹ̀ wọ ilé láṣọ, bíi Sydney Opera House, gbọ̀ngàn ńlá kan ní Ọsirélíà, nígbà ayẹyẹ ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Vivid láti ọdún 2009. Aṣọ-ìmọ́lẹ̀ tó fún ìyẹn.

Ibì kan ṣì kù tí n kò rí ọ̀rọ̀ gidi fún. Kò sí ìmọ́lẹ̀ dúdú. Bí ẹ bá ní kí ẹ̀rọ tan dúdú, ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ṣì máa ń jò gba lẹ́ńsì, ojú aṣọ á wá ní àwọ̀ eérú. Nínú eré orí ìtàgé, tí wọ́n bá pa gbogbo iná kí òṣèré lè rọra kúrò, onígun mẹ́rin eléérú yẹn á ṣì hàn lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo gbọ̀ngàn á sì máa rí i bó ṣe ń yọ́ lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn oníṣẹ́ fi máa ń ti nǹkan pẹlẹbẹ kan dí ojú lẹ́ńsì. Ìpéǹpéjú ni mo ń pe nǹkan ọ̀hún ní tèmi. Eérú yẹn ńkọ́? Òkùnkùn eléérú ni mo rí, ṣùgbọ́n kò tíì dùn létí mi. Ẹni tó bá ní òmíràn, kó sọ ọ́.