Ìrírí Wa Lábẹ́ Àwọn Àgbà Dókítà Ẹran

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, nínú ọdún àkọ́kọ́ tí mo fi kọ́ṣẹ́ nínú oko ọ̀sìn, ohun tó ràn mí lọ́wọ́ jù ni òfin kan tí ọ̀gá mi kì í yẹ̀: èmi ni yóò kọ́kọ́ ti ọwọ́ bọ inú ẹran, èmi ni yóò sì kọ́kọ́ sọ ohun tí mo bá níbẹ̀, kí òun tó fi ọwọ́ kàn án.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n pè wá síbi abo màlúù tó ti ń rọbí láti ìrọ̀lẹ́. Ẹsẹ̀ méjì ti yọ síta, ẹni tó ni ín sì ti mú okùn dání láti máa fà. Ọ̀gá mi kàn bi mí pé, "Tiwájú ni àbí tẹ̀yìn?" Mo wọ ìbọ̀wọ́ gígùn, mo sì ń tọ oríkèé láti pátákò lọ sókè: bí oríkèé méjì àkọ́kọ́ bá ká sí ọ̀nà kan náà, ẹsẹ̀ iwájú ni, bí ìkejì bá ká sí òdìkejì, tẹ̀yìn ni. Mo ti kọ èyí nínú ìdánwò rí, ṣùgbọ́n ó yàtọ̀ nígbà tí ilé ọmọ bá ń fún apá ẹni bí ẹni fún aṣọ. Ẹsẹ̀ iwájú ni wọ́n, àmọ́ orí ti yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, fífà ì bá sì mú kó há sí i. Ọ̀gá mi ní kí n dúró títí ìrora yóò fi dẹ̀, kí n ti ọmọ náà padà sínú, kí n fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu rẹ̀ kí eyín má baà ya ilé ọmọ, kí n tó yí orí náà bọ̀. Lẹ́yìn náà ni a so okùn sókè oríkèé àkọ́kọ́, a tún lọ́ ọ mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí agbára lè pín, a sì ń fà nígbà tí màlúù fúnra rẹ̀ bá ń tì nìkan. Ààyè ni ọmọ náà.

Àwọn kan gbà pé kí ẹni tuntun kọ́kọ́ máa wòran fún oṣù mélòó kan. Èmi kò fara mọ́ ọn, nítorí ohun tó wà nínú ẹran kò ṣeé wò.

Èsì ẹlẹgbẹ́ kan: Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Sùúrù ni wọ́n fi tèmi kọ́ mi. Màlúù kan bímọ tán, kò lè dìde mọ́, etí rẹ̀ tutù, ó sì ká orí sí ìhà: kálísíọ́mù inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ti lọ sílẹ̀. Ọ̀gá mi fi ìgò oògùn kálísíọ́mù lé mi lọ́wọ́ pé kí n jẹ́ kó máa ṣàn wọ iṣan ẹ̀jẹ̀ ọrùn díẹ̀díẹ̀, kí n má sì dẹ́kun gbígbọ́ bí ọkàn ṣe ń lù, torí pé bí ó bá yára wọlé, ó lè dá ọkàn dúró. Ṣùgbọ́n báwo ni ọ̀gá yín ṣe ń ṣe é bí ẹlẹ́ran bá kọ̀ kí ẹni tuntun fọwọ́ kan ẹran rẹ̀?

Èsì ẹni àkọ́kọ́: Àbúrò, kí a tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ni ọ̀gá mi ti máa ń bá wọn sọ ọ́, lórí fóònù, pé àwa méjèèjì là ń bọ̀ àti pé èmi ni n ó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá kọ̀, mo máa ń di ìrù mú.