Sípíkà 8 ohm méjì: ṣé kí n so wọ́n ní series ni àbí ní parallel?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Áńpù gìtá mi, alátíránsísítọ̀ ni. Wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ pé sípíkà rẹ̀ kò gbọdọ̀ kéré sí 8 ohm (ohm ni ìwọ̀n bí sípíkà ṣe ń dènà iná tó). Sípíkà 8 ohm méjì ni mo fẹ́ kó sínú àpótí kan. Bí mo bá so wáyà pupa mọ́ pupa, dúdú mọ́ dúdú (parallel nìyẹn), 4 ohm ló máa jẹ́, ẹ̀rù sì ń bà mí kí áńpù má jóná. Bí mo bá so pupa ọ̀kan mọ́ dúdú èkejì (series nìyẹn), 16 ohm ni: kò séwu, àmọ́ agbára áńpù á fẹ́rẹ̀ẹ́ dín sí ìdajì. Ẹni tó ń bá mi ṣe é sọ pé parallel ló dáa (òun kọ́ ló máa ra áńpù mìíràn ṣá). Ṣọ́ọ̀ṣì la ti ń lò ó, ìlù pọ̀ níbẹ̀. Ṣé ìlù ò ní bo ti 16 yẹn mọ́lẹ̀? Àbí kí n kúkú wá 16 ohm méjì, kí n so wọ́n ní parallel, kó jẹ́ 8 gan-an?