"Iṣẹ́" kọ́, "èrè" ni

Ọ̀kún o, ẹ̀yin ará.

Ẹnìkan dábàá "ìtúpalẹ̀ iṣẹ́ ìhùwàsí" gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ Yorùbá fún ohun tí àwọn onímọ̀ ìṣesí ẹ̀dá ń pè ní functional analysis, ìyẹn dídán an wò láti mọ ohun tó ń mú kí ènìyàn máa ṣe ohun kan lemọ́lemọ́. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mi ò fara mọ́ ọn. Ẹ gbé e wá sí Kàbbà níbí, ẹ sọ ọ́ fún ìyá ọlọ́mọ: iṣẹ́ wo ni ọmọ ọdún méje ń ṣe? Tó bá sì gbọ́ pé ẹ fẹ́ yẹ ìhùwàsí ọmọ òun wò, ohun tó máa dún sí i létí ni pé ọmọ òun kò níwà. "Ìṣesí" tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo jókòó ti obìnrin kan tó ń bó ẹ̀gúsí. Ó gbé àwo kékeré síwájú ọmọ rẹ̀. Ọmọ bó mẹ́ta, bó mẹ́rin, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ara rẹ̀ létí, pàá, pàá. Ìyá sáré gbé àwo kúrò, ọwọ́ ọmọ sọ̀kalẹ̀. Ó rọra gbé e padà, ọwọ́ tún dé etí. Ìyá mí kanlẹ̀, ó ní, "Kí ló tiẹ̀ ń rí níbẹ̀?"

Ìbéèrè yẹn gan-an ni ìmọ̀ náà ń wá ìdáhùn sí. Ohun tí ọmọ yẹn ń rí ni pé àwo ń lọ. Èrè ìṣesí rẹ̀ nìyẹn.

"Ìtúpalẹ̀" náà kò tó. Ewì là ń tú palẹ̀. Iṣẹ́ tí Brian Iwata, onímọ̀ ìṣesí ẹ̀dá, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1982 ju kíkà lọ. Àwọn ènìyàn 9 tó ń ṣe ara wọn léṣe ni wọ́n fi sí ipò mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ìṣẹ́jú 15 lẹ́ẹ̀kan. Ní ọ̀kan, bí ó bá ṣe ara rẹ̀ léṣe, àgbà á bá a sọ̀rọ̀, á fọwọ́ kàn án. Ní òmíràn, bó bá ṣe é, iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un á dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 30. Ní òmíràn, òun nìkan ló wà. Ní ìkẹrin, eré ni, ẹnikẹ́ni kò ní kó ṣe nǹkan kan. Wọ́n wá wo ipò tí ó ti ń ṣe ara rẹ̀ léṣe jù. Ìdánwò nìyẹn. Ẹni tó kàn bi ìyá léèrè, tó sì wòran láti ẹ̀gbẹ́, àyẹ̀wò ló ṣe. Ẹ jọ̀wọ́, ká má da méjèèjì pọ̀.

Ẹlòmíràn ní "èrè" á jẹ́ kó dà bíi pé ọmọ ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Rárá. Ikú ni èrè ẹ̀ṣẹ̀, a kà á nínú Bíbélì. Ta ló dẹ́ṣẹ̀ kó lè kú? Èrè kò dúró de èrò ọkàn. Ohun tó ń tẹ̀lé ìṣesí, tó sì ń mú un padà wá, òun là ń wá.

Nítorí náà, "ìdánwò èrè ìṣesí" ni tèmi. Ọ̀kan ṣì ń yọ mí lẹ́nu: ọmọ tó ń gbá ara rẹ̀ nígbà tí kò sí ẹnì kankan nítòsí, tí èrè náà wà nínú ara rẹ̀. "Èrè inú ara" ni mo ń pè é báyìí. Bí ará Yàgbà, Ìjùmú tàbí Bùnú kan bá ní ọ̀rọ̀ tó mú ju ìyẹn lọ, kó gbé e wá.